Ayálégbé Òkè Tí Kì Í Jẹ Gbèsè

Ìfura loògùn àgbà, ẹni tó bá sì ń fi owó ilé jẹun gbọ́dọ̀ máa lo oògùn yẹn láàárọ̀ àti lálẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti gba ilé alájà mẹ́ta mi lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún mi ni mo ti ń lò ó. Kì í ṣe owó mi nìkan ni mo fi ra ilé náà. Báńkì ló yá mi ní èyí tó pọ̀ jù, ilé náà gan-an ló sì ń san gbèsè orí ara rẹ̀. Àwọn ayálégbé á san owó wọn ní ìparí oṣù, èmi náà á gbé e fún báńkì, ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù ni mo fi ń tún páìpù ṣe. Fúláàtì mẹ́fà ló wà níbẹ̀, méjì lórí àjà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ṣófo, ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta ọ̀dà àti ìṣó ló máa fi orí fá a, àwọn ọmọ mi á sì mọ̀ lára ọbẹ̀.

Nítorí náà mo ṣe òfin kan: mọ̀lẹ́bí kankan ò gbọ́dọ̀ gbé ilé mi. Ọmọ àbúrò bàbá mi kan ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ó ní òun fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì péré sùn sí fúláàtì ìsàlẹ̀, ó lo ọdún kan àtààbọ̀. Ọjọ́ tí mo ní kó san nǹkan, ó pe ìpàdé ẹbí. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ti ń pè mí ní ọmọ wa, n kì í jẹ́ kó rí kọ́kọ́rọ́. Ìyá mi gan-an bèèrè yàrá kan lẹ́yìn tí bàbá wa kú. Wọ́n ní ilé ti tóbi jù fún àwọn nìkan, pé bí àwọn bá sọ̀rọ̀, ògiri ló ń dá àwọn lóhùn. Mo ṣàlàyé fún wọn pé yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ilé mi ló ní iṣẹ́ tó ń ṣe fún báńkì, pé yàrá tí kò bá mówó wọlé, ẹrù ni. Wọ́n ní ó yé àwọn. Wọn ò sì tún un sọ mọ́.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ń bá mi mójú tó ilé náà. Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo àwọn ayálégbé ń pè é, nítorí ìdì kọ́kọ́rọ́ tó ń ró wọnwọn ní ìbàdí rẹ̀. Kó tó dé ibi tó ń lọ, ìbàdí rẹ̀ á ti débẹ̀. Òun ló ń wá ayálégbé, òun ló ń pe oníṣẹ́ páìpù, òun náà ló ń gba owó lọ sí báńkì. Èmi máa ń lọ síbẹ̀ bí oṣù bá parí, ẹnu ọ̀nà ẹni tó bá jẹ gbèsè nìkan ni mo sì ń dúró sí. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ti sanwó?

Fúláàtì ẹ̀yìn, lókè pátápátá, ló kọ́kọ́ mú mi fura. Ó ti lé lọ́dún kan tí Kọ́kọ́rọ́ ti rí ayálégbé síbẹ̀. Obìnrin kan ni, ó ní òwò ló ń ṣe, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbélé. Obìnrin yìí ò jẹ gbèsè rí. Kò ráhùn nípa omi, kò ráhùn nípa ariwo, kò ráhùn nípa òjò. Bẹ́ẹ̀ òrùlé ẹ̀yìn yẹn ni ẹni tó gbébẹ̀ ṣáájú rẹ̀ fi bú mi títí tó fi kó jáde. Ta ló wá tún un ṣe? Èmi kọ́. Ayálégbé tó ń ráhùn, èèyàn gidi nìyẹn, ẹ mọ ohun tó ń dùn ún. Èyí tí kì í ráhùn rárá, ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà rẹ̀ ju eéje lọ.

Lọ́jọ́ kan, Kọ́kọ́rọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ń yẹ ọ̀dà wò bí ẹni pé ọ̀dà ló bá wá, ó wá lọ mú irin ìdìmú kan lórí pẹpẹ, irú èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀.

“Fúláàtì wo nìyẹn wà fún?” mo bi í.

“Ti òkè lẹ́yìn.”

“Obìnrin yẹn ló ní kó o rà á?”

“Kò sẹ́ni tó ní kí n rà á, Àǹtí mi. Mo kàn rí i pé ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ yẹn ń yọ̀ ni.”

“Báwo lo ṣe dé ilé ìwẹ̀ obìnrin tí kì í gbélé?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí kì í sanwó ìṣó kan ní ṣọ́ọ̀bù mi sanwó irin náà láti inú àpò ara rẹ̀, kò tilẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n dín in. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń náwó ara rẹ̀ sórí ilé onílé, bí kò bá ya wèrè, á jẹ́ pé ilé náà ti ń di tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló kúkú wà.

Nígbà tí oṣù yẹn parí, mo lọ bá Bàbá Awakọ̀ ní àjà kejì. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, gbèsè sì mọ́ ọn lára bí àwọ̀tẹ́lẹ̀.

“Ìyá onílé, ẹ kú ìrìn o. Ẹ jókòó.”

“Mi ò jókòó. Owó mi dà?”

“Owó ń bọ̀. Àwọn tí mo bá kó ẹrù ni ò tíì dá mi lóhùn.” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, Ìyá. Èmi tí ẹ ń rí yìí, ẹ mọ ohun tí mo jẹ yín. Àwọn tí ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń fi yín ṣe ńkọ́?” Ó na ìka sókè.

“Kí ló wà lókè?”

“Èmi ò sọ nǹkan kan o, ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́rìí. Kọ́kọ́rọ́ yín ni mo máa ń rí tó ń gbé abọ́ oúnjẹ gòkè bí iṣẹ́ bá ti tán. Ó máa ń pẹ́ níbẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín obìnrin.”

“Wọ́n ní obìnrin yẹn kì í gbélé.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kì í jáde ni kẹ́ ẹ sọ. Mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń wọ́ àga lórí mi. Á wọ́ ọ wá sẹ́nu ọ̀nà, tó bá yá, á tún wọ́ ọ padà. Bí ẹ ṣe ń gòkè bọ̀ báyìí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́ ọ tán ni.”

Ẹnì kan ń ṣọ́ mi nínú ilé mi. Mo jáde sórí àtẹ̀gùn, mo gbé ojú sókè. Gílóòbù tuntun ń tàn níbẹ̀, èmi ò sì mọ ẹni tó rà á. Ilẹ̀kùn òkè wà ní títì. Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn, mo tún gbé e kúrò. Bí mo bá kanlẹ̀kùn, kí ni màá sọ? Ṣé màá ní mo wá kí i kú owó sísan ni? Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé onílé ò ní yọ ayálégbé tó ń sanwó lẹ́nu. Mo sọ̀ kalẹ̀.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń rò ó. Mo rò ó pé Kọ́kọ́rọ́ ti gbé obìnrin síbẹ̀, pé òun fúnra rẹ̀ ló ń san owó náà kí n má baà bèèrè. Mo tún rò ó pé ó ti ń fi yàrá náà gba àlejò tó ń sanwó lójoojúmọ́, pé owó tèmi jẹ́ ìdámẹ́ta ohun tó ń wọlé. Mo tilẹ̀ rò ó pé ẹni tí àwọn ọlọ́pàá ń wá ló fi pamọ́ síbẹ̀. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ó dùn mí, nítorí èmi ni mo gbé ọmọ yìí pọ̀n. Bí ikú ilé ò bá pa ni, tòde ò lè pa ni.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ìyá mi lórí fóònù. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì kí wọn tán tí mo ti já a lé wọn lọ́wọ́.

“Màmá, ọmọ yín ọkùnrin ń jà mí lólè.”

“Kí ló jí?”

“Mi ò tíì mọ̀.”

“O ò mọ ohun tó jí, o sì ti mọ olè?”

“Ó kó obìnrin kan pamọ́ sínú ilé mi. Kò fẹ́ kí n rí i.”

“Ṣé obìnrin náà ń sanwó?”

“Ó ń san án. Kò pẹ́ san án rí, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gba ẹ̀rín náà lọ́wọ́ wọn. Mo gbọ́ ẹ̀rọ omi kan tó ń han lẹ́yìn wọn, bí tilé mi ṣe máa ń han kó tó fa omi. Mo ní lọ́kàn mi pé kò sí ibi tí ẹ̀rọ omi burúkú ò sí.

“Má fi ojú burúkú wo àbúrò rẹ,” wọ́n ní. “Nígbà wo lo máa wá wò mí?”

“Bí mo bá ti ra ilé kejì yìí tán, Màmá.”

“Ó dáa. O kú iṣẹ́ owó.”

Ilé kejì yẹn ni mo ń sáré sí. Ilé pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan ni, ó kọjú sí títì, ẹni tó ni ín fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ti ní òun á dúró dè mí fún oṣù yìí nìkan. Báńkì gbà láti tún yá mi lówó lórí ilé àkọ́kọ́, bí fúláàtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ń mówó wọlé. Wọ́n á rán adíyelé wọn, ẹni tó ń díye lé ilé fún wọn, wá, á wọ yàrá gbogbo, á fojú rí ayálégbé kọ̀ọ̀kan. Adíyelé náà pè mí, ó ka òfin wọn fún mi. Owó tí mọ̀lẹ́bí onílé bá ń san kò sí nínú ìṣirò wọn, ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kó ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sínú ilé tó ṣófo láti fi tan báńkì jẹ. Mo rẹ́rìn-ín sí i létí. Mo ní kò sí ẹni tó bá mi tan tó ń gbé ibẹ̀, òfin mi nìyẹn kó tó di òfin tiwọn.

Nígbà tí mo sọ fún Kọ́kọ́rọ́ pé adíyelé ń bọ̀, ó jókòó sórí garawa ọ̀dà kan.

“Ẹ jẹ́ kó wo fúláàtì iwájú lókè,” ó ní. “Bákan náà ni wọ́n rí.”

“Ó ní òun á wo gbogbo rẹ̀.”

“Obìnrin yẹn lè má sí nílé.”

“Fún mi ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nígbà náà.”

“Kọ́kọ́rọ́ ayálégbé ni, Àǹtí mi. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn.”

Mo wò ó tààrà. Ọmọ tí kì í bá mi jiyàn fi ọwọ́ bo ìdì kọ́kọ́rọ́ tó wà ní ìbàdí rẹ̀. Mi ò bá a jà. Bó ṣe jáde, mo mú àgádágodo tuntun kan láti orí pẹpẹ, mo gbé e sínú báàgì mi. Ìpinnu mi ni pé bí adíyelé bá ti lọ, màá ti fúláàtì yẹn pa, màá gba gbogbo kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àbúrò mi, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Adíyelé dé ní ọ̀sán. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ń fi ìka kan ògiri, ó ń tẹ́tí, á tún tẹ nǹkan sínú fóònù ńlá kan tó gbé dání. Nísàlẹ̀, ó dáa. Lájà kejì, Bàbá Awakọ̀ ti lọ aṣọ wọ̀, ó ń yin ilé náà bí ẹni pé òun ló kọ́ ọ, ó sì yìn mí lójú ara mi pé mo jẹ́ onílé tí kì í yọ èèyàn lẹ́nu. Àṣé ó mọ ìgbà tí èèyàn ń purọ́ rere. A wo fúláàtì iwájú lókè. Ó ku ẹyọ kan.

Kọ́kọ́rọ́ ti dúró síwájú ilẹ̀kùn náà. Òógùn bò ó.

“Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ gbólóhùn kan, ní kọ̀rọ̀.”

“Sọ ọ́ níwájú ẹni tó wá díye lé ilé.”

Ó wo ọkùnrin náà, ó wò mí. Mo ní kó kúrò lọ́nà. Mo kanlẹ̀kùn fúnra mi, pẹ̀lú ìbínú ọdún kan gbáko. Nínú lọ́hùn-ún, mo gbọ́ tí wọ́n wọ́ àga kúrò. Ilẹ̀kùn ṣí.

Ìyá mi ló dúró síbẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀,” wọ́n ní. Wọn ò wò mí, ọkùnrin báńkì ni wọ́n ń wò. “Ẹ wọlé. Ẹ má bínú, ilé mi ò tóbi.”

Mo tẹ̀ lé wọn wọlé bí àlejò. Bẹ́ẹ̀dì ìyá mi nìyí, aṣọ ìbora aláwọ̀ ewé wọn nìyí. Àwòrán bàbá wa wà lára ògiri, ṣùgbọ́n wọ́n ti yí ojú rẹ̀ padà sí ògiri kí àlejò má baà rí ìjọra. Irin ìdìmú tèmi wà nínú ilé ìwẹ̀. Ní igun yàrá, lábẹ́ ibi tí àjà ti dúdú, bàsíà kan wà nílẹ̀, omi òjò àná sì wà nínú rẹ̀.

“Ìyá, ẹ̀yin lẹ ń gbé ibí?” adíyelé bi wọ́n.

“Èmi ni. Ó ti lé lọ́dún kan.”

“Ṣé ẹ máa ń sanwó déédéé?”

“Ẹ bi onílé bóyá mo jẹ ẹ́ ní gbèsè rí.”

“Ẹ̀yin àti onílé, ṣé ẹ bára yín tan?”

Ìgbà yẹn ni ìyá mi tó wò mí. Wọ́n wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó kàn ṣèèṣì bá a wọ ọkọ̀ kan náà.

“Rárá o,” wọ́n ní. “Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo máa ń gbọ́. Wọ́n ní onílé dáadáa ni.”

Ọkùnrin náà na ìka sí fóònù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Bí mo bá ṣáà dákẹ́, ilé kejì ti di tèmi, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ń fi ojú bẹ̀ mí lẹ́nu ọ̀nà pé kí n dákẹ́. Ọwọ́ mi wà nínú báàgì, ó sì ti kan àgádágodo tí mo mú wá láti fi tilẹ̀kùn mọ́ ìyá mi síta. Ó tutù.

“Ìyá mi ni,” mo ní.

“Kí lẹ wí?”

“Mo ní ìyá mi ni wọ́n. Èmi ni wọ́n bí ṣáájú ọkùnrin tó dúró síbẹ̀ yẹn. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ìyá mi pòṣé. “Ọmọ yìí mà ò gbọ́n o. Mo ti bá ọ purọ́ débi tó yẹ kó parí sí, o tún wá tú u.”

Adíyelé pa ohun tó tẹ̀ rẹ́, ó tẹ òmíràn. Ó ní fúláàtì márùn-ún lòun rí, pé owó tí mo bèèrè ò lè jáde lórí márùn-ún, pé kí n má bínú. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kí ìyá mi, Kọ́kọ́rọ́ sì sìn ín sọ̀ kalẹ̀, mo ń gbọ́ wọnwọn rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó kọjú sí títì bá a lọ.

Ó ku èmi àti ìyá mi. Mo bi wọ́n pé ilé wọn ńkọ́.

“Mo ti fi rẹ́ǹtì. Olùkọ́ kan àti ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé e, wọ́n lọ́mọ mẹ́rin. Owó wọn ni mo fi ń san tìrẹ, ó sì máa ń ṣẹ́ kù. Ṣé ìwọ kọ́ lo sọ pé yàrá tí kò bá mówó wọlé, ẹrù ni? Tèmi mẹ́ta ló ṣófo.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Ká sọ fún ọ, kó o wá lé mi? O ní o ò gba mọ̀lẹ́bí. Mo wá sanwó bí àjòjì. Má bá Kọ́kọ́rọ́ wí, èmi ni mo fi ọmú ìyá bẹ̀ ẹ́.”

Mi ò lè wo ojú wọn. Mo wo àga onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ha ilẹ̀ ní ọ̀nà kan náà, láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà.

“Àga yìí ńkọ́, Màmá?”

“Ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó bí oṣù bá parí. Mo mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ. Wàá gòkè, wàá dúró lọ́dọ̀ awakọ̀ yẹn, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, màá sì máa gbọ́ ohùn rẹ. Ohùn rẹ dùn mọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjà lò ń jà. Mo máa ń ní, ó dáa, lónìí á gun àtẹ̀gùn tó kù. Ṣùgbọ́n o kì í gùn ún.”

Omi bọ́ lójú mi. Ó dùn mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí bàsíà. Mo ní òrùlé ń jò sórí wọn láti ọdún tó kọjá, kí ló dé tí wọn ò ráhùn, ta ló ń ṣe irú ìyẹn nínú ilé tó ń sanwó sí? Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n dìde, wọ́n yí ojú bàbá wa padà sí yàrá, wọ́n sì tún àwòrán náà ṣe kó lè gún.

“Ẹ̀bi mi ni,” wọ́n ní. “Ká ní mo ti jẹ ọ́ ní gbèsè ni, ò bá ti wá tipẹ́.”